Orí Keje: Ìkúnlẹ̀ Níwájú Àkúdàáyà

Ẹ̀rọ omi kì í parọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Mọ́kọ́lá nìyẹn, wọn kì í sì í fi ayọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin arúgbó tó wọ dàńṣíkí aláwọ̀ eérú gbé ife rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ kẹrin, tó gbójú sókè kí Ojú tó wà lára àjà lè rí i, ẹ̀rọ náà kò sọ̀rọ̀, kò sì kán ẹyọ omi kan. Ó dákẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀.

Obìnrin tó tẹ̀ lé e lórí ìlà gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ méjèèjì, ó sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

“Àkúdàáyà ni,” ó sọ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pariwo. Ó yà sídìí ẹ̀rọ kẹta, gbogbo ìlà sì yà tẹ̀ lé e.

“Ẹ káàbọ̀, Mojoyin ọmọ Akínkúnmi,” ni ẹ̀rọ kẹta wí fún un. “Ṣé ilé dáa?” Omi ya jáde, lítà méjìlá gééré, kò lé kò dín.

Arúgbó náà kò bínú. Ó fi ife rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ kẹrin tó gbẹ, ó yíjú, ó sì ń wo gbọ̀ngàn náà bí ẹni tó ń wá aga tí yóò jókòó sí.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ ògiri funfun, Ìbídùn ń wò ó. Ohùn kan fọ̀ nínú etí ọ̀tún rẹ̀, nínú ohun ìgbọ́rọ̀ tí kò tóbi ju èso ẹ̀gúsí lọ. Ìyáàfin Ṣówándé ni, ọ̀gá àgbà Ilé Ìṣọ́, tó ní gbogbo amí orílẹ̀-èdè yìí lábẹ́ ọwọ́.

“Ṣé òun ni?”

“Òun ni, mà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ọ̀gá mi ni, mà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé báàgì tẹ̀ lé wọn.”

“Òkú kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Tó bá ti dé iwájú ẹ, kúnlẹ̀. Ìyókù kù sọ́wọ́ wa.”

Ìbídùn gbójú wo àjà. Ojú wà níbẹ̀, dígí dúdú roboto tó tóbi tó ìdérí ìkòkò, ìbọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Kò sí gbọ̀ngàn kan, kò sí ọ̀nà, kò sí ilé ìwòsàn tí irú wọn kò sí. Ohun tí Ojú bá rí ni ìbọn ń rí. Òfin sì ti sọ fún Ojú láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ rí òkú, nítorí èwo ni ti òkú nínú omi, nínú oògùn, nínú ìlẹ̀kùn ilé tí alààyè ń gbé?

Ohun tí Ilé Ìṣọ́ fi gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ nìyí. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, wọ́n fi Gbólágadé, amí tó mọ iṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, sílẹ̀ ní ẹnubodè létí Yewa. Wọ́n gbé pósí òfìfo wá sílé, wọ́n sin ín. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ojú fi fọ́. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó fẹ́ ẹlòmíì. Nígbà tí ọkùnrin náà wá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, tó fẹsẹ̀ rìn délé, ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀rọ tó ta búrẹ́dì fún un, kò sí dókítà tó lè fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó bá dá àkúdàáyà lóhùn níwájú Ojú yóò pàdánù omi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n rò pé ebi ló máa parí iṣẹ́ fún àwọn. Wọn kò rò ó pé ẹni tí Ojú kò rí lè wọ ibi tó bá wù ú. Ó wọ Ilé Ìṣọ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó rìn kọjá lábẹ́ ìbọn mọ́kànlá, ó sì gbé wàláà ìsìnkú lọ, èyí tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ ti di òkú lójú Ojú.

Láti ìgbà náà, ó ti sin èèyàn mẹ́ta láàyè. Dókítà tó fọwọ́ sí ikú rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Adájọ́ tó tẹ òǹtẹ̀ lé e ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá tó ṣáájú Ìyáàfin Ṣówándé. Ojúde ilé ara rẹ̀ ni òǹgbẹ pa á sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ẹnìkan ló kù. Ẹni tó jẹ́rìí níwájú Ojú pé òun rí òkú Gbólágadé, tó mú fìlà rẹ̀ wá sílé bí ẹ̀rí. Ìbídùn ni. Kàkà kí Gbólágadé sì sin Ìbídùn, ìyá Ìbídùn ni ó kọ sínú wàláà: Wúràọlá Ọmọ́tóyè ti Ẹrúwà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí ẹ̀rọ ìmí ń bá mí láti bí ọdún mẹ́rin. Agogo méjìlá ọ̀sán òní ni ìsìnkú, ó sì ránṣẹ́ sí Ìbídùn pé kí ó wá bá òun ní Mọ́kọ́lá ṣáájú rẹ̀. Tí agogo bá ti lù, ẹ̀rọ ìmí kò ní bá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mí mọ́.

Agogo mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú nígbà tí Gbólágadé rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìbídùn ti pinnu láàárọ̀: ìdí òun kò ní kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ṣe Ojú nílẹ̀ wa yìí kò gbẹ́kẹ̀ lé imú àti ẹnu nìkan, nítorí ojú àyálò pọ̀ lọ́jà. Ìkíni ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó mọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ta ni, ó mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ta ni, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tí kálukú jẹ́. Ẹni tó bá jẹ́rìí ikú èèyàn, tó sì tún kúnlẹ̀ fún onítọ̀hún, ti fi orúnkún ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ó yè. Nínú gbogbo ayé, orúnkún Ìbídùn nìkan ló lè jí Gbólágadé. Ilé Ìṣọ́ sì ní láti jí i kí wọ́n tó lè rí i pa.

Ṣùgbọ́n Gbólágadé náà nìkan ló jẹ́rìí ikú ìyá Ìbídùn. Tó bá kú kó tó yọ orúkọ náà, kò sí orúnkún kan láyé tó lè jí Wúràọlá Ọmọ́tóyè. Ìbídùn ti sọ èyí fún Ìyáàfin Ṣówándé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ló ń gbà: “A máa bójú tó ìyá ẹ.” Ọmọ Ilé Ìṣọ́ ni òun náà. Ó mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún ará ìta.

Arúgbó náà ti dé iwájú rẹ̀.

“Ìbídùn.”

“Ẹ káàsán, sà.”

Orí ìjókòó ló ti kí i. Ó fi ọwọ́ tẹ itan rẹ̀ méjèèjì mọ́ bẹ́ǹṣì. Láti ọmọ ọdún méjì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò tíì jókòó kí àgbà rí.

Mojoyin, tó ń bu kẹ́ẹ̀gì kejì lọ́wọ́, pòṣé.

“Ẹ wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Àgbàlagbà dúró, òun jókòó lé ìdí bí ìyàwó ọba! Bó tilẹ̀ jẹ́ òkú, ṣé òkú ò lọ́jọ́ orí ni?”

Gbólágadé rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá. Kí ó jókòó. Ìjókòó rẹ̀ ló dá mi sí.”

Mojoyin kò dá a lóhùn. Ó wo Ojú lókè, ó dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbólágadé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn, ó fi àlàfo bí ẹni kan sáàárín wọn. Ó ti rù. Ọrùn tó máa ń kún inú kọ́là tẹ́lẹ̀ ti di iṣan àti egungun. Ìbídùn rò pé ẹ̀rù ni yóò ba òun. Àánú ló ṣe é, ó sì bí i nínú pé àánú ló ṣe é.

“Kúnlẹ̀,” ni Ìyáàfin Ṣówándé wí nínú etí rẹ̀.

“Wọ́n ń bá ẹ sọ̀rọ̀,” ni Gbólágadé wí. “Etí ọ̀tún. O ṣì ń yí orí sí i. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ fún ẹ pé kí o má máa yí orí sí i?”

“Ẹ máa bínú, sà.”

“Ó ti tán.” Ó fi àgbọ̀n júwe ògiri funfun tó wà lẹ́yìn wọn. “Ṣé o mọ ohun tí ibí yìí jẹ́ kí omi tó wọ́n? Ilé sinimá ni. Bàbá bàbá mi máa ń wá síbí. Wọ́n ní fíìmù amí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọ̀tá inú rẹ̀ kì í yàtọ̀: amí àtijọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ já sílẹ̀, á wá padà wá gbẹ̀san. Gbogbo ilé á máa bú u, wọ́n á máa ju èpo ẹ̀pà lu ògiri. Tó bá wá kù díẹ̀ kí ó tán, ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara rẹ̀. Á sọ, á tún un sọ, títí wọ́n á fi yìnbọn fún un.”

“Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, sà.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín gidi, irú èyí tó máa ń rín nígbà tí wọ́n jọ ń jẹ dòdò nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ ilé onílé. Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó dà bí ẹni pé ọdún méjìlá kò kọjá.

“Ó dáa. N kò ní ṣàlàyé. Ìbéèrè kan ni mo ní, òun ni mo fi ìyá ẹ pè ọ́ sí. Lọ́jọ́ yẹn létí Yewa, nígbà tí o ń ṣí fìlà lórí mi. Ṣé o mọ̀ pé mo ń mí?”

“Má dá a lóhùn,” ni Ìyáàfin Ṣówándé wí. “Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Kúnlẹ̀, Ìbídùn. Àṣẹ ni.”

Ìbídùn fi ìka méjì yọ ohun ìgbọ́rọ̀ náà. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́. Kò dún ju bí ẹ̀pà ṣe ń dún.

“Mo mọ̀, sà.”

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

“Ọwọ́ mi wà ní igbá àyà yín. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo pe Ilé Ìṣọ́ lórí ẹ̀rọ pé ẹ ṣì ń mí, kí wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kò lè wá, tí àwọn ọ̀tá bá gbà yín láàyè ẹ máa sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀. Wọ́n ní kí n mú fìlà wá. Mo ní n kò lè ṣe é. Wọ́n ní tí n kò bá ṣe é, àwa méjèèjì ni àwọn máa sin.” Omijé ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. “Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà yẹn, sà. Mo ṣí fìlà náà. Ẹ la ojú, ẹ wò mí, mo sì lọ.”

“Mo rántí pé mo wò ọ́.”

“Kò sí ọjọ́ kan tí n kò rántí.”

Gbólágadé mí kanlẹ̀. Ìlà omi ń lọ. Ẹ̀rọ ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, kò sì kí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ó wí. “Kí ẹnì kan sọ pé mo ń mí. Dókítà yẹn kò sọ ọ́. Adájọ́ kò sọ ọ́. Títí òǹgbẹ fi pa ọ̀gá wa, ó ń sọ fún mi pé òkú ni mí. Ó dúró síwájú mi, ó ń bẹ̀ mí, ó sì ń pè mí lókùú nínú ẹ̀bẹ̀.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. “Mo rò pé tí mo bá ti sin ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú mi á rọ̀. Kò rọ̀, Ìbídùn. Àwọn tí mo sin kò bí mi padà.”

“Ẹ dákun, sà. Mọ́mì mi.”

“Ìyá ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣé wọ́n ṣì máa ń fi irú sí gbogbo ọbẹ̀?”

“Wọn ò lè dáná mọ́, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń bèèrè pé ṣé mo fi irú sí i.”

Ó mi orí. Ó ti ọwọ́ bọ inú dàńṣíkí, ó fa wàláà ìsìnkú jáde, pẹlẹbẹ dúdú kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ojú rẹ̀, iná àwọ̀ búlúù sì tàn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìbídùn kà á: orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Lábẹ́ orúkọ náà, àkókò ń dín kù: ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ inú àtàǹpàkò mi ló ń ṣí i,” ni Gbólágadé wí. “Tí mo bá gbé e kúrò, á pa dé. Èmi á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwọ á fi ìka ẹ pa orúkọ náà rẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́, ìwọ ni kí o pa á rẹ́. Kí ó jẹ́ ọwọ́ ẹ, kí o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwa méjì ti parí. Lẹ́yìn náà, máa lọ sí Ẹrúwà. Jókòó ti ìyá ẹ. Èmi náà á lọ jókòó sí ibì kan tí òǹgbẹ á ti bá mi, ó ti rẹ̀ mí.”

“Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé. Olúwa á—”

“Gbà.”

Ó na wàláà náà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bú u. Kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè. Àgbà ń na nǹkan sí ọ. Àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí o ṣẹ̀, tó dárí jì ọ́, ń na ẹ̀mí ìyá rẹ sí ọ, ó ní kí o gbà. Ta ló kọ́ ọ láti gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lórí ìjókòó? Gbogbo àárọ̀ ni Ìbídùn fi ṣọ́ orúnkún rẹ̀ lọ́wọ́ ìkíni. Kò rántí láti ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ọpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde lọ gba nǹkan náà, ìdí rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń lọ sílẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Gbólágadé rí i kí Ìbídùn tó rí ara rẹ̀.

“Má kúnlẹ̀—”

Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ní apá òsì wọn, ẹ̀rọ kẹrin jí. “Ẹ káàbọ̀, Gbólágadé ọmọ Òjédìran,” ó wí, ohùn rẹ̀ dùn. “Ó tó ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé ilé dáa?” Omi ya sínú ife rẹ̀. Arúgbó náà yíjú sí ohùn náà. Ìbídùn rí ojú rẹ̀, yóò sì máa rí i títí ayé: ojú ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ dáhùn.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n sún sápá kejì, ìlà tún gún. Ife ti kún, omi ń dà sórí sìmẹ́ǹtì.

Ìbídùn ti mú wàláà náà dání. Iná àwọ̀ búlúù ti kú. Ó fa ọwọ́ Gbólágadé, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí àtàǹpàkò náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, ó tún tẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó ń wí. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“O káre, Ìbídùn,” ni ẹ̀rọ kẹrin wí. Ohùn Ìyáàfin Ṣówándé ló wà nínú rẹ̀ báyìí. “Iṣẹ́ ti parí. Dìde. Ọkọ̀ ń bọ̀.”

“Mọ́mì mi ńkọ́, mà?”

“A máa sin wọ́n dáadáa,” ni ẹ̀rọ náà wí.

Fóònù inú àpò rẹ̀ ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀ kó tó rí i gbé sétí.

“Ìbídùn?” Ohùn ìyá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. “Ẹ̀rọ yìí ń sọ ìsọkúsọ o. Ó ní òun fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ó ní kò sẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, èmi ni. Ó ní èmi ta ni.”

“Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, Mọ́mì. Ẹ tọ́jú èémí yín.”

“Níbo lo wà? Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.” Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. “Mo wà ní Mọ́kọ́lá. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà.”

“Ìkúnlẹ̀?” Èémí náà ń já. “Ta lò ń kí?”

Ìbídùn wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì kọ sí ẹ̀rọ omi.

“Ẹ̀yin ni, mà,” ó wí. “Ẹ̀yin ni mò ń kí.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò gùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó hàn.

“Ó ti tó, ọmọ mi,” ó wí. “Dì—”

Agogo méjìlá lù. Fóònù sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ẹrúwà.

Àwọn ará Ilé Ìṣọ́ dé, wọ́n bo Gbólágadé, wọ́n ní kí Ìbídùn dìde. Wọ́n tún un sọ. Kò dìde. Àgbà tó yẹ kó sọ ọ́ fún un kò rí i sọ tán.